Ojú Ọ̀nà Aginjù Lẹ́yìn Ìkún Omi

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsitirélíà, ọ̀nà kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn awakọ̀ ilẹ̀ náà. Birdsville Track ni orúkọ rẹ̀. Ìlú kékeré tí ń jẹ́ Marree, ní ìpínlẹ̀ South Australia, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí Birdsville ní ìpínlẹ̀ Queensland. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 517. Ọ̀nà erùpẹ̀, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni. Láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ibì kan ṣoṣo ni awakọ̀ ti lè rí bẹntiróòlù rà, èyíinì ni Mungerannie, tí ó jìnnà sí Marree tó nǹkan bí kìlómítà 204. Láti ibẹ̀ dé Birdsville ju kìlómítà 300 lọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbéra ní Èkó tí ó ń lọ sí Ìlọrin, tí kò sì ní rí ilé epo, ọjà tàbí abúlé kan lójú ọ̀nà.

Ilẹ̀ Ọsitirélíà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ tóbi ju Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n iye ènìyàn inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ìdá méje ti Nàìjíríà. Etí òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Àárín ilẹ̀ náà jẹ́ aginjù àti pápá màlúù. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákú níbẹ̀ lè wà fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ mìíràn tó kọjá.

Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí ń ka ẹ̀kọ́ yìí ni yóò fi ojú ara wọn rí ọ̀nà Birdsville. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ti fi ìyà àti ikú kọ́ nípa ọ̀nà erùpẹ̀ lẹ́yìn ìkún omi yẹ fún gbogbo ẹni tí ń wa ọkọ̀, tàbí tí ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ní àsìkò òjò. Kókó ẹ̀kọ́ náà ni pé kì í ṣe ìgbà tí òjò ń rọ̀ nìkan ni ewu wà. Ewu tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni èyí tí ó wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ojú ọjọ́ ti mọ́.

OMI TÍ Ó DÉ LÁÌSÍ ÒJÒ

Ilẹ̀ gbígbẹ ni agbègbè yìí. Ìyíká adágún ńlá tí ó wà níbẹ̀ kì í sábà rí òjò tí ó tó mílímítà 150 ní odidi ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni òjò ọdún kan ní Ìbàdàn ju mílímítà 1,200 lọ. Kati Thanda ni àwọn ará Arabana, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ń pe adágún náà. Lake Eyre ni àwọn òyìnbó sọ ọ́. Láti ọdún 2012 ni ìjọba ti ń kọ orúkọ méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni ó rẹlẹ̀ jù lọ ní gbogbo Ọsitirélíà, nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi nǹkan bí mítà 15 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Nítorí náà, àwọn odò tí ó wà ní ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà ilẹ̀ Ọsitirélíà kì í ṣàn lọ sínú òkun. Ọ̀dọ̀ adágún yìí ni wọ́n ń darí sí.

Méjì nínú àwọn odò wọ̀nyí ni ó kan ọ̀nà Birdsville. Èkíní ni Diamantina, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Birdsville fúnra rẹ̀ kọjá. Èkejì ni Cooper Creek, tí ó dá ọ̀nà náà gun láàrin Marree àti Mungerannie. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ojú odò Cooper fi ń gbẹ níbi tí ọ̀nà gbé gba inú rẹ̀, tí ọkọ̀ ń kọjá tí eruku sì ń sọ lálá. Àlejò tí kò mọ ibẹ̀ lè kọjá láìmọ̀ pé inú odò ni òun wà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ ní òkè odò, ní Queensland, ní ibi tí ó jìnnà ju kìlómítà 500 lọ, omi náà yóò mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n. Kì í sáré. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi kò sì rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò gbà ṣàn kíákíá. Yóò pín sí ẹ̀ka púpọ̀, yóò tàn káàkiri pápá, yóò kún àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ yóò mu nínú rẹ̀, oòrùn yóò sì gbẹ òmíràn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní oṣù, kí èyí tí ó kù tó dé ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí ó bá dé, òjò lè má rọ̀ níbẹ̀ rárá. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, oòrùn á máa ràn, ilẹ̀ á sì gbẹ. Awakọ̀ yóò gun òkè iyanrìn kan, yóò sì bá omi tí ó lọ salalu níwájú rẹ̀.

Irú ìkún omi ńlá bẹ́ẹ̀ wáyé ní 1949 sí 1950, ní 1974, àti ní 2010. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, òjò tí ó rọ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Queensland pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ga ju ti 1974 lọ ní àwọn ibì kan. Ẹran ọ̀sìn tí ó bá omi lọ kò níye, ọ̀pọ̀ ìdílé sì há sórí oko wọn. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí òjò náà ti dá, omi rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà tí ó ń rìn lọ sí Kati Thanda.

Ohun tí èyí kọ́ni ni pé ojú ọ̀run tí ó wà lókè orí ẹni kò lè sọ bí ọ̀nà ti rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ní láti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè odò, àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

BÍ ỌKỌ̀ LẸ́TÀ ṢE Ń KỌJÁ

Awakọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ọ̀nà Birdsville ni Tom Kruse. Ní 1936 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kó lẹ́tà láti Marree lọ sí Birdsville. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó ń lọ. Yàtọ̀ sí lẹ́tà, òun ni ó ń kó oúnjẹ, epo, oògùn àti èrò fún àwọn ará oko màlúù tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá dé, ọ̀pọ̀ ilé ni yóò wà láìní ìyẹ̀fun àti láìgbọ́ ìròyìn.

Ọkọ̀ akẹ́rù Leyland Badger ni ó ń wà. Níbi tí iyanrìn bá ti mú táyà, Kruse a tẹ́ irin pẹlẹbẹ síwájú táyà, ọkọ̀ a sún lórí rẹ̀, a tún gbé irin náà síwájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Cooper kún, Kruse kò fi ọkọ̀ rẹ̀ dán omi wò. A ó já ẹrù sílẹ̀ létí odò, a ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá, a ó sì tún un kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn ní òdìkejì. Iṣẹ́ àṣekára ni, ó sì ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n lẹ́tà ń dé. Ọkùnrin tí ó mọ ọ̀nà náà ju ẹnikẹ́ni lọ ni ó bọ̀wọ̀ fún omi jù lọ.

Ní 1954, John Heyer ya sinimá kan nípa iṣẹ́ yìí, tí ó pè ní The Back of Beyond. Sinimá náà gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní ìdíje ìlú Venice ní ọdún kan náà. Tom Kruse kú ní 2011. Títí di òní, nígbà tí odò Cooper bá dí ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi kékeré ti ìjọba ni ń gbé mọ́tò kọjá díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 2010. Bí ọkọ̀ náà kò bá tíì ṣiṣẹ́, awakọ̀ yóò dúró tàbí kí ó yípadà.

BÍ OMI ṢE Ń GBÉ ỌKỌ̀

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé ọkọ̀ wúwo ju ohun tí omi lè gbé lọ. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì New South Wales, ní ìlú Sydney, dán èyí wò. Wọ́n gbé ọkọ̀ gidi sínú omi tí ń ṣàn ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò yára ju ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Ọkọ̀ kékeré tí ó wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ kúrò lójú kan nígbà tí omi jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 péré, èyí tí kò dé àárín ojúgun. Nígbà tí omi di sẹ̀ǹtímítà 60, ọkọ̀ náà léfòó pátápátá. Ọkọ̀ ńlá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀, kò lè dúró dáadáa mọ́ nígbà tí omi dé sẹ̀ǹtímítà 45. Ní sẹ̀ǹtímítà 95, ìwọ̀nba agbára díẹ̀ ni ó tó láti tì í.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Akèrègbè òfìfo kì í rì, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dà bí akèrègbè. Bí omi ti ń ga sí i lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo tí ó fi ń tẹ ilẹ̀ ń dínkù, tí táyà kò sì ní di ilẹ̀ mú mọ́. Nígbà náà, agbára ẹ́ńjìnnì kò wúlò, nítorí pé táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè ti ọkọ̀ síwájú.

Ewu mìíràn ni pé omi ìkún kì í mọ́. Awakọ̀ ń rí ojú rẹ̀, kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó mọ̀ dáadáa lánàá lè ti já sí kòtò lábẹ́ omi lónìí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ẹni tí ó wa ọkọ̀ wọ inú omi tí kò mọ bí ó ti jìn tó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn ọ́n, ó sì tún kó ẹsẹ̀ gbogbo èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

Ọ̀NÀ LẸ́YÌN TÍ OMI TI FÀ

Nígbà tí omi bá ti fà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ewu ti tán. Kò tíì tán. Ilẹ̀ amọ̀ ni ó wà lábẹ́ apá púpọ̀ nínú ọ̀nà aginjù náà. Oòrùn a tètè gbẹ òkè rẹ̀, a sì le bí èèpá, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrọ̀fọ̀. Ọkọ̀ tí ó wúwo yóò fọ́ èèpá náà, yóò sì rì dé ikùn. Etí ọ̀nà ni ó máa ń rọ̀ jù, nítorí náà ẹni tí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti yẹra fún kòtò a máa bọ́ sínú ohun tí ó burú ju kòtò lọ. Níbi tí omi ti gba ojú ọ̀nà kọjá, ó lè ti gé e bí ẹni fi àdá gé e, tí awakọ̀ kò sì ní rí i títí yóò fi dé ẹnu rẹ̀.

Nítorí èyí ni ìjọba ṣe ń ti ọ̀nà. A ó gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà ní Marree àti ní Birdsville láti sọ bóyá ọ̀nà ṣí, tàbí ó tì, tàbí ọkọ̀ tí ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà nìkan ni ó lè gbà á. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí a tì kọjá ti rú òfin, yóò sì san owó ìtanràn. Òfin yìí kì í ṣe láti fi ìyà jẹ àlejò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó wọ ọ̀nà nígbà tí ó ṣì tutù a máa fi ipa táyà jíjìn sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá gbẹ ẹ́, ipa náà a gan bí símẹ́ńtì, yóò sì máa ba ọkọ̀ gbogbo ẹni tí ó bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́, títí katakata ìjọba yóò fi wá tẹ́ ọ̀nà náà. Ìwàǹwára ẹnìkan di ìnira gbogbo ará àdúgbò, pàápàá àwọn tí ń dúró de oúnjẹ àti oògùn.

BÍ ỌKỌ̀ BÁ DÁKÚ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ìdílé kan tí ó jẹ́ ènìyàn márùn-ún, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ, rìnrìn àjò ní ọ̀nà Birdsville nínú ooru gbígbóná. Bẹntiróòlù wọn tán. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ wá omi. Òùngbẹ pa gbogbo wọn. Inú aginjù náà ni a sin wọ́n sí. Lẹ́bàá ọ̀nà kan náà tí omi ti ń gbé màlúù lọ ní ọdún kan ni òùngbẹ ti pa odidi ìdílé ní ọdún mìíràn.

Láti inú irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ti mú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù wá: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákú kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ọkọ̀ tóbi, ó ń dán nínú oòrùn, ẹni tí ó wà nínú bààlúù lè rí i láti òkèèrè. Ẹni tí ń dá rìn nínú pápá kò hàn ju èèrà lọ. Abẹ́ ọkọ̀ sì ní ibòòji, omi tí a gbé wá sì wà nínú rẹ̀.

ÌLÀNÀ FÚN ARÌNRÌN-ÀJÒ

Èyí ni ohun tí awakọ̀ olóye ń ṣe ní ọ̀nà aginjù lẹ́yìn ìkún omi:

1. Kí ó tó gbéra, a béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n: ilé-iṣẹ́ ọ̀nà ti ìjọba, ọlọ́pàá, àti awakọ̀ tí ó ti òdìkejì dé ní ọjọ́ náà. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò tó.

2. A sọ fún ẹnìkan pàtó ọ̀nà tí yóò gbà àti ọjọ́ tí yóò dé. Nígbà tí ó bá dé, a ránṣẹ́ sí ẹni náà, kí a má baà máa wá ẹni tí kò sọnù.

3. A gbé omi mímu tí yóò tó ọjọ́ púpọ̀ ju iye ọjọ́ tí ó rò lọ, àti oúnjẹ, àfikún epo, táyà méjì, ṣọ́bìrì àti okùn ìfàkọ̀. Tẹlifóònù lásán kì í ṣiṣẹ́ ní apá púpọ̀ nínú ọ̀nà náà, nítorí náà a mú èyí tí ń lo sátẹ́láìtì dání.

4. Bí ó bá kan omi, a dúró. Bí omi bá ń ṣàn, tàbí tí kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ní wọ̀ ọ́. Yóò pa àgọ́ sórí ilẹ̀ gíga tàbí kí ó padà.

5. Bí ó bá ti gba inú omi tí kò jìn kọjá, a rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó lè gbẹ, nítorí bíréèkì tí ó tutù kì í tètè mú.

6. Bí táyà bá ń yí lójú kan nínú ẹrẹ̀, kò ní máa tẹ epo mọ́ ọn. Bí ó ti ń yí ni ó ń gbẹ́ ihò sí i. A sọ̀kalẹ̀, a fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kúrò, a sì wá ohun líle tẹ́ síwájú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KAN ILẸ̀ YORÙBÁ

Omi aginjù Ọsitirélíà ń rìn fún oṣù kí ó tó dé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi a máa dé láàrin wákàtí díẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ya, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìkún omi tún pa ọ̀pọ̀ ní ìlú kan náà, ó sì ba afárá jẹ́. Èyí fi hàn pé àyè tí awakọ̀ ní láti ronú kéré ju ti ará Birdsville lọ. Nítorí náà ó yẹ kí ó ti pinnu nílé, kí ó tó jókòó sídìí ọkọ̀, pé òun kò ní wọ inú omi tí ń ṣàn lójú ọ̀nà, ìbáà ṣe pé èrò ń kígbe pé ọjà ń tú lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó sùn sí etí odò lóru kan yóò dé ilé lọ́jọ́ kejì, yóò sì sọ ìdí tí ó fi pẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí omi fi lè dí ọ̀nà Birdsville ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ níbẹ̀?

2. Kí ni Tom Kruse ń ṣe nígbà tí odò Cooper bá kún? Kí ni ìyẹn kọ́ni?

3. Omi tí ń ṣàn ní láti jìn tó báwo kí ó tó lè yọ ọkọ̀ kékeré kúrò lójú kan? Kí ni ìdí rẹ̀?

4. Ibo ni omi máa ń gba ojú ọ̀nà kọjá ní àdúgbò yìí? Ta ni ó yẹ kí ó gbé àmì síbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ ní ìlú kejì?